Oṣù Mẹ́ta Tí Wọ́n Fi Ń Wò Mí ní Sùúrùlérè

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé Èkó, ẹni àkọ́kọ́ tí mo kí ní Sùúrùlérè bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ Yorùbá. Obìnrin tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ni. Mo ní nílé wa ni. Ó ní, "Ẹ gbìyànjú gan-an o. Ó ti ń mọ́ yín lẹ́nu."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Yorùbá ni ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún, òun ni bàbá mi fi bá mi wí, òun náà ni wọ́n fi ṣàdúrà nígbà tí wọ́n ń sin bàbá mi. Ṣùgbọ́n Sákẹ́tẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ìjọba ti ń sọ Faransé, ohùn wa sì máa ń lọ sókè níbi tí ti ará Èkó bá ti ń lọ sílẹ̀. Tí mi ò bá rí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, Faransé ló máa ń bọ́ sí mi lẹ́nu. Tí ará Èkó ò bá rí tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu. Àdàlù ni méjèèjì, ṣùgbọ́n tiwọn ni wọ́n ń pè ní Yorùbá.

Yunifásítì kan ní Kútọnu ni mo ti kọ́ nípa òfin. Ìwé ẹ̀rí mi dára. Ọdún méjì ni mo fi gbé e káàkiri tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n jẹ́ kí òun rí i. Ìgbà náà ni àbúrò bàbá mi kan tó wà ní Èkó ránṣẹ́ pé ilé iṣẹ́ lọ́yà kan ní Sùúrùlérè ń wá àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìpolówó náà pé ẹni tó bá gbọ́ Faransé, kó yọjú. Màámi ò ka ìpolówó náà. Ohun tí wọ́n gbọ́ nínú rẹ̀ ni "lọ́yà" àti "Èkó." Kí n tó dé ẹnubodè, gbogbo àdúgbò wa ti mọ̀ pé mo ti di lọ́yà ní Èkó.

Bí ogún ni wá lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò. Gbogbo wa wọ dúdú àti funfun, bí ẹni pé inú páálí kan náà ni wọ́n ti tú wa jáde. Wọ́n kọ́kọ́ pín ìwé fún wa, wọ́n ní ká kọ lẹ́tà sí ayálégbé kan tó kọ̀ tí kò kó jáde. Mo kọ tèmi bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní Kútọnu. Mo sọ fún ayálégbé náà pé kó kẹ́rù rẹ̀, lẹ́yìn náà mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó gba ìdánilójú ọ̀wọ̀ gíga tí mo ní fún un. Ọmọbìnrin kan tó fi ìbòrí dúdú borí, tó jókòó tì mí, na ọrùn wò ó.

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ lé e jáde ni, àbí o fẹ́ fẹ́ ẹ?"

Bí mo ṣe mọ Ràṣídà nìyẹn. Ọmọ Muṣin ni. Bàbá rẹ̀ ń na ara mọ́tò tó bá tẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ di lọ́yà nínú gbogbo ẹbí wọn.

Ọkùnrin kan tó kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó wá ṣe ilé ẹ̀kọ́ òfin ní Nàìjíríà ló wọlé ṣáájú wa. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ń lá súìtì tí wọ́n fún un níbẹ̀. Démọ́lá lorúkọ rẹ̀.

Obìnrin tó ni ilé iṣẹ́ náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màdáámú, jókòó láàrin àwọn ọkùnrin méjì tí kò sọ̀rọ̀. Irun orí rẹ̀ ti funfun tán, ó sì gé e mọ́lẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń bi mí léèrè, èmi náà sì ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí iná ti kú.

Ó ní níbo ni mo ti rí ara mi ní ọdún márùn-ún sí i. Mo ní mi ò ríran. Àwọn ọkùnrin méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Mi ò fi ṣàwàdà.

Ó ní kí ni àléébù mi. Mo kà wọ́n fún un: Gẹ̀ẹ́sì mi ò já geere, mi ò mọ òfin Nàìjíríà, mo sì máa ń sunkún tí inú bá ń bí mi. Màdáámú kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ohun tó kọ gùn.

Níta, Ràṣídà di orí mú. "O sọ fún wọn?"

"Wọ́n bèèrè ni."

"Gbogbo ayé ló mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Wàá ní àléébù rẹ ni pé o máa ń ṣiṣẹ́ jù."

"Ṣé o máa ń ṣiṣẹ́ jù?"

"Èmi? Rárá o."

Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n pè mí. Èmi, Ràṣídà àti Démọ́lá ni wọ́n mú. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, Màdáámú là á fún wa pé oṣù mẹ́ta ni òun ó fi máa wò wá, lẹ́yìn náà ẹnì kan ṣoṣo ló máa kù. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Lẹ́yìn èyí, ó júwe ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà.

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ó máa ń pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé kan wà níwájú rẹ̀ tí ìlà márùn-ún wà nínú rẹ̀: àkókò, aṣọ, Gẹ̀ẹ́sì, ìwé kíkọ, àti bí èèyàn ṣe bá wọn mu. Mẹ́wàá mẹ́wàá ni máàkì ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń gba mẹ́wàá nínú àkókò, nítorí pé mi ò ní ibòmíràn tí mo ń lọ. Nínú ìlà tó kẹ́yìn, mẹ́rin ni mo gbà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mẹ́rin lọ́sẹ̀ kejì, mẹ́rin lọ́sẹ̀ kẹta. Mo wá bèèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n ń pè ní kí èèyàn bá ilé iṣẹ́ mu?"

Màdáámú wò mí lórí gíláàsì rẹ̀. "Tó o bá bá wa mu, o ò ní bèèrè."

Lọ́sẹ̀ kẹrin, mẹ́ta ni mo gbà.

Ìwáyà ni mo ń gbé, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Kò pẹ́ tí gbogbo aṣọ mi fi ń rùn bákan náà, mo sì ń fi lọ́fínńdà bò ó mọ́lẹ̀ kí n má bàa pàdánù máàkì aṣọ. Àwọn Ẹ̀gùn tó wà ládùúgbò gbọ́ pé Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti wá, wọ́n gbà pé tiwọn ni mí, wọ́n ń sọ Ẹ̀gùn sí mi. Àwọn Yorùbá rí i pé àwọn Ẹ̀gùn ń bá mi sọ̀rọ̀, àwọn náà gbà pé Ẹ̀gùn ni mí, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá mi sọ̀rọ̀. Ìyá onílé ń pè mí ní Àǹtí Kútọnu. Mo ní Sákẹ́tẹ́ ni, mà. Wọ́n ní, "Ibẹ̀ náà ni mò ń sọ."

Nílé, èmi kì í ronú pé mo jẹ́ nǹkan kan. Mo jẹ́ ọmọ ilé wa, ó parí. Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ ní kí n wá yàn. Ohunkóhun tí mo bá sì yàn, ẹnì kan máa wà níbẹ̀ tó máa ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe Màámi. Wọn kì í bèèrè bóyá mo ti jẹun. Ìbéèrè tiwọn ni: "Ṣé o ti dé irun funfun yẹn?" Wọ́n ti rí lọ́yà Nàìjíríà nínú tẹlifíṣọ̀n.

"Kò tíì tó àkókò, Màámi."

"Ṣé wọ́n ṣì ń hun ún lọ́wọ́ ni?"

"Wọ́n ṣì ń hun ún."

Mo mọ̀ dáadáa pé wọn ò hun irun kankan fún mi. Ìwé ẹ̀rí mi, òfin Faransé ló wà nínú rẹ̀. Kí n tó lè dúró níwájú adájọ́ ní Nàìjíríà, àfi kí n tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti ìsàlẹ̀, tí wọ́n bá tiẹ̀ gbà mí. Nígbà tí Màdáámú bá ń lọ sí kọ́ọ̀tù, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa ń ru fáìlì tẹ̀ lé e. Tí a bá dé ibẹ̀, Ràṣídà àti Démọ́lá á dé irun wọn, wọ́n á jókòó síwájú lọ́dọ̀ àwọn lọ́yà. Èmi á kó fáìlì tèmi fún wọn, màá sì lọ jókòó sẹ́yìn láàrin àwọn ẹbí àwọn tí wọ́n mú. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Ta ni wọ́n mú nínú ilé tiyín?"

Mo ní wọn ò mú ẹnikẹ́ni, mà. Mo ní iṣẹ́ ni mo wá ṣe.

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n sì ṣàánú mi. Wọ́n fún mi ní bísíkíìtì.

Ràṣídà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé nílùú náà. Ó kọ́ mi pé tí akọ̀wé kọ́ọ̀tù bá ní kí n padà wá lọ́la, kí n jókòó síbẹ̀ kí n máa wò ó. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì bínú lójú ìwé láìbú èèyàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó ní mo ti rù jù, ó sì mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà àgànyìn lẹ́yìn ọ́fíìsì, ó ní oúnjẹ àwọn èèyàn mi ni. Mo jẹ ẹ́. Ata rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ó sì dùn. Mo sọ fún un pé mi ò rí irú rẹ̀ rí nílé wa.

Ó ní, "Irọ́ lò ń pa. Ọ̀dọ̀ yín ló ti wá."

Mo tún bu sí i. Ó rọrùn ju kí n jiyàn lọ.

Inú oṣù kejì ni ọ̀rọ̀ Àlàájì dé. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò ni Àlàájì ń tà ní ọjà Ládìpọ̀, ó sì ti di ogún ọdún tó ti jẹ́ oníbàárà Màdáámú. Ó ra ẹ́ńjìnnì kọ̀ǹténà kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Kútọnu. Nígbà tí ọjà dé, ìdajì wọn ò ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ pe ọkùnrin náà lẹ́jọ́. Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé àdéhùn tí ó fọwọ́ sí.

Lọ́jọ́ tó gbé ìwé náà wá, wọ́n ti rán mi lọ sí kọ́ọ̀tù, mo jókòó sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé, mò ń wò ó. Màdáámú ò lè dúró, ló bá gbé e fún Démọ́lá. Démọ́lá fi fóònù rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀, ó sì kọ àlàyé ojú ìwé márùn-ún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ka ìwé àdéhùn náà, mo sì ka àlàyé Démọ́lá. Gbólóhùn kan wà nínú ìwé náà tó ní wọ́n ta ọjà yìí bó ṣe wà, tòun ti àrùn ara rẹ̀. Ní Faransé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ "bó ṣe wà" jọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ìjọba. Fóònù Démọ́lá ti gbé e gba ọ̀nà kejì. Ó wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán gbinrin pé wọ́n ti ta gbogbo ẹ́ńjìnnì náà fún ìjọba Bẹ̀nẹ̀, àti pé ìjọba náà ni kí Àlàájì pè lẹ́jọ́.

Mi ò ní purọ́: inú mi dùn. Mo mọ̀ pé máàkì Démọ́lá ju tèmi lọ. Tí mo bá dákẹ́, Màdáámú á ka àlàyé náà fún Àlàájì fúnra rẹ̀, Démọ́lá á sì ti lọ. Mo fi inú dídùn náà jẹun ọ̀sán. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ti ń rí mi lára. Mo lọ bá a nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé.

Mo ní, "Kò sí ìjọba nínú ọ̀rọ̀ Àlàájì."

"Kò sí rárá?"

"Rárá. Ẹ́ńjìnnì nìkan ló wà níbẹ̀."

Ó pa ẹ̀rọ náà. "Ojú ìwé márùn-ún ni mo kọ lórí ìjọba."

"Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ dára."

Ó kó ìwé rẹ̀ lọ sí yàrá Màdáámú. Mo rò pé ó fẹ́ lọ fi orúkọ ara rẹ̀ tún un ṣe ni. Mo ti ń múra ìbínú sílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi jáde wá, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Màdáámú ń pè ọ́. Mo sọ fún wọn pé ìwọ lo rí i." Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ìbínú tí mo ti múra sílẹ̀ sí.

Àlàájì wá lọ́jọ́ kejì. Màdáámú ní kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú ìwé fún un. Ó ní ohun tó wà nínú ìwé nìkan ni o. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ní Yorùbá, ní ohùn ilé wa, nítorí pé ẹ̀rù bà mí débi tí mi ò rántí ti Èkó.

Àlàájì tẹ́tí. Ó ní, "Ọmọ ibo lọmọ yìí?"

"Sákẹ́tẹ́ ni, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bí ìyá tó bí ìyá mi ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyí. Gbogbo ohun tí o sọ ló yé mi." Ó fà sún mọ́ mi. "Ó dáa, sọ fún mi. Ṣé mo lẹ́jọ́, àbí mi ò lẹ́jọ́?"

Mo rí i tí Màdáámú la ẹnu. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ: a ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n bi.

"Ẹ ò lẹ́jọ́, Àlàájì. Ẹ ti fọwọ́ sí i pé ẹ rí wọn, ẹ sì gbà wọ́n bẹ́ẹ̀."

"Mi ò rí wọn. Mi ò sì mọ ohun tó wà nínú ìwé."

"Ẹ fọwọ́ sí i, sà."

Àlàájì dé fìlà rẹ̀. Ó kí Màdáámú tìtẹríba-tìtẹríba, ó gbé fáìlì rẹ̀, ó lọ.

Màdáámú ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Ṣé o ti ka gbogbo òfin Bẹ̀nẹ̀ lórí ọjà tó lábùkù, kí o tó sọ fún ọkùnrin yẹn pé kò lẹ́jọ́?"

Mi ò tíì kà á.

"Tí mo bá ní a ó yẹ̀ ẹ́ wò, o rò pé irọ́ ni mò ń pa. Ohun tí mò ń sọ ni pé mi ò tíì mọ̀. Ìwọ náà ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n ó yá ọ lẹ́nu."

Mo lọ sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibi tó júwe fún wa. Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ka òfin ilé wa lórí fóònù, lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú èéfín ẹja. Mo rí i níkẹyìn: bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ ọ́ pé wọ́n ta ọjà bó ṣe wà, tí ẹni tó tà á bá mọ̀ pé àbùkù kan fara pamọ́ sínú rẹ̀, tí kò sì sọ, ìwé yẹn ò lè gbà á sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé mo gba Ládìpọ̀ lọ. Mo bèèrè Àlàájì lọ́wọ́ èèyàn bíi mẹ́wàá kí n tó bá a nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó jókòó láàrin àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n so rọ̀ bí ẹran.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo yára sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ lẹ́jọ́, àmọ́ kò dá mi lójú. Àfi tí a bá rí ẹ̀rí pé ọkùnrin yẹn mọ̀."

Àlàájì wò mí. "Ó mọ̀. Ó ti kọ́kọ́ gbé àwọn ẹ́ńjìnnì kan náà fún ẹlòmíràn níbí, onítọ̀hún sì dá wọn padà. Ìsọ̀ kẹta sí tèmi ni onítọ̀hún wà."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́sí."

"O ò bi mí. O ní mi ò lẹ́jọ́."

Lọ́jọ́ Ajé mo jẹ́wọ́ fún Màdáámú pé mo lọ bá oníbàárà nínú ọjà láìgba àṣẹ, mo sì gbé àlàyé tí mo kọ lórí òfin náà fún un. Ó ní ó lòdì sí òfin ilé iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Àlàájì gbé fáìlì rẹ̀ padà wá. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gba méjì nínú ìlà tó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mo gba mẹ́sàn-án nínú ìwé kíkọ, Màdáámú sì fa ìlà sábẹ́ mẹ́sàn-án náà.

Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, ó pín ìwé pélébé kọ̀ọ̀kan fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní ká kọ orúkọ ẹni tí kò yẹ kí òun mú, àti ìdí rẹ̀. Ó fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo kọ orúkọ Démọ́lá. Mo kọ ọ́ pé ó ní ibòmíràn tó lè lọ, àwa méjì yòókù ò ní. Òótọ́ ni. Mo sì ń rántí, bí mo ṣe ń kọ ọ́, pé ọkùnrin yìí lè gbé iṣẹ́ mi mọ́ra lọ́jọ́ ọ̀rọ̀ Àlàájì, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ká ìwé náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Mo rò pé ohun àṣírí ni. Màdáámú tú wọn ká, ó sì kà wọ́n sókè.

Èmi kọ Démọ́lá, nítorí pé ó ní ibòmíràn.

Ràṣídà kọ mí. Ó ní mo mọ̀wé ju àwọn méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n òfin ò ní jẹ́ kí n dúró ní kọ́ọ̀tù, ilé iṣẹ́ náà kò sì lè bọ́ lọ́yà tí kò lè dúró ní kọ́ọ̀tù.

Démọ́lá kọ ara rẹ̀. Ó ní òun ò mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹ́ńjìnnì àti ìjọba.

Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì. Màdáámú kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fáìlì kan, ó ní òótọ́ ni gbogbo wa kọ, ìyẹn sì dára. Ó mú Ràṣídà. Ó bọ̀ wá lọ́wọ́, èmi àti Démọ́lá. Nínú ọ̀nà àbájáde, mo ní kí Démọ́lá má bínú. Ó ní kí ni mo fẹ́ kí òun bínú sí, ṣé mo purọ́ ni? Ó ṣe mí bíi kó bínú.

Ràṣídà sáré tẹ̀ lé mi. A rìn títí dé Ojú Ẹlẹ́gbà, a sì dúró sábẹ́ bíríìjì níbi tí àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ ti ń pariwo, tí ó fi jẹ́ pé àfi ká máa kígbe sí ara wa.

"Ṣé irọ́ ni mo kọ?"

"Rárá!"

"Kí ló wá dé tí ò ń sunkún?"

"Mo sọ àléébù mi fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́!"

Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní gbogbo ilé wọn ní Muṣin ló ń dúró de ìròyìn náà, òun ò lè kọ orúkọ Démọ́lá nítorí pé Màdáámú ò ní gbà pé ẹni tó ń gba irú máàkì yẹn ò yẹ. Ó ní òun ṣírò rẹ̀ ni. Mo ní mo mọ̀. Èmi náà ṣírò tèmi.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo sọ òótọ́ fún Màámi. Mo ní wọn ò mú mi. Mo tún ní tí wọ́n bá tilẹ̀ mú mi, mi ò lè jẹ́ lọ́yà níbí, mi ò sì jẹ́ lọ́yà rí. 

"Oṣù mẹ́ta lo fi parọ́ fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ẹ má bínú."

"Ìyá lọ́yà ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò yìí. Mo ti ń jẹ́ ẹ." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Mi ò ní lọ máa sọ ọ́ láti ilé dé ilé. Ẹni tó bá bi mí ni màá sọ fún. Ṣé ò ń bọ̀ nílé?"

Mo la ẹnu láti ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó jáde ni pé Àlàájì ti pè mí láàárọ̀. Kì í ṣe láti dúpẹ́. Ìwé Faransé mìíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ fọwọ́ sí i kí ẹnì kan tó kà á fún un ní Yorùbá tó yé e.

Màámi ní, "Lọ kà á fún un nígbà náà." Ohun tí wọ́n sọ kò ju ìyẹn lọ.

Mo kà á. Ẹni tó wà ní ìsọ̀ kẹta náà gbé tirẹ̀ wá. Nígbà tó fi di oṣù mẹ́fà, Àlàájì ti fún mi ní tábìlì kan níwájú ìsọ̀ rẹ̀, èmi ni mo sì ń ka gbogbo ìwé tó bá ti Kútọnu wá sí òpópónà náà. Ọwọ́ mi kì í mọ́ kúrò lára òróró. Tí mi ò bá mọ nǹkan kan, mo máa ń sọ pé a ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹjọ́ Àlàájì ń lọ lọ́wọ́ ní kọ́ọ̀tù lákòókò náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan Ràṣídà rìn wọlé láàrin àwọn ẹ́ńjìnnì, ó ká ẹsẹ̀ sókòtò rẹ̀ sókè nítorí epo. Màdáámú ló rán an. Ó mú ìwé kan jáde: ìtumọ̀ tí mo ṣe lórí àdéhùn Àlàájì, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó ku kí wọ́n gbé e lọ fún adájọ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀, àti pé mo búra pé òótọ́ ni. Orúkọ mi wà níbẹ̀.

Nínú gbogbo ìwé tí mo ní láyé, láti ìwé ọjọ́ ìbí mi títí dé ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ọ̀nà tí àwọn Faransé ń gbà kọ ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi kọ orúkọ bàbá mi. Lẹ́tà méjì méjì ni wọ́n fi ń gbé ohùn kan ṣoṣo, kò sí ààmì kankan lórí rẹ̀, kò sì sí Yorùbá tó máa kà á tó máa mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ràṣídà ò rí ìwé mi rí. Bó ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu mi ló ṣe tẹ̀ ẹ́, tòun ti ààmì tó wà lábẹ́ àti èyí tó wà lórí. Mo kà á. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan pè mí láti yàrá kejì nílé wa.

Ràṣídà rí i pé mo tún ń kà á. "Ṣé mo ṣì í kọ ni? Mo lè lọ tún un tẹ̀. Kọ́ọ̀tù ò tíì tì."

Mo mọ̀ pé tí akọ̀wé bá fi wé pásípọ́ọ̀tù mi, ó máa ní ìbéèrè. Mo mọ akọ̀wé náà. Mo lè jókòó síbẹ̀ kí n máa wò ó.

Mo ní, "O ò ṣì í kọ. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn."

Mo nu ọwọ́ mi, mo gba bíírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i.